Ihò Kékeré Kọ́ Ló Ń Dá Ẹ̀yà Ara Sí

Ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ láàárín wa ní gúúsù Èkìtì, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ àti Èmùré, títí lọ dé Ìláwẹ̀ àti Ìgbàrà-Odò. Bí dókítà bá ti ní jẹjẹrẹ wà nínú ìfun ẹnìkan, ẹbí á péjọ, ọmọ tó wà ní Èkó tàbí lókè òkun á pè lórí fóònù, ohun tó sì máa kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde ni pé: "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n la inú Bàbá o. Oníhò kékeré ni kí wọ́n ṣe fún wọn, ìyẹn kì í ba nǹkan kan jẹ́." Wọ́n gbà pé bí ojú ọgbẹ́ bá ti kéré, ìtọ̀ á máa lọ déédéé, ìgbẹ́ á ṣeé mú mọ́ra, ọkùnrin á sì máa ṣe ọkùnrin nínú yàrá rẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni tó ń polówó ara wọn ń fi iyọ̀ sí i. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀, mo tiẹ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn.

Irọ́ ni. Kì í sì í ṣe irọ́ tí kò lóró, nítorí ó ń mú kí àwọn èèyàn wa pàdánù ohun náà gan-an tí wọ́n ń sá kiri láti dá sí.

Kí n tó máa bá a lọ, n kò bá iṣẹ́ abẹ oníhò kékeré jà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń fi yọ ìfun. Wọ́n á lu ihò bíi mẹ́ta sí márùn-ún sára ikùn, wọ́n á fẹ́ gáàsì sínú ikùn kí ó lè wú sókè, wọ́n á ti kámẹ́rà tín-ín-rín bọ inú ọ̀kan, wọ́n á sì fi àwọn irinṣẹ́ gígùn ṣiṣẹ́ láti inú àwọn ìyókù, ojú oníṣẹ́ abẹ á sì wà lára tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà lára èèyàn 872 tó ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2004, àwọn tí wọ́n lu ihò fún lo ọjọ́ 5 nílé ìwòsàn, àwọn tí wọ́n la inú wọn lo 6, oògùn ìrora tí àwọn oníhò lò sì kéré. Jẹjẹrẹ náà kò padà wá lára àwọn kan ju àwọn kejì lọ. Ojú ọgbẹ́ kékeré kì í tètè kẹ̀, kì í sì í sábà bẹ́ sílẹ̀. Fún àgbẹ̀ tó fẹ́ tètè padà sí oko kòkó rẹ̀ ní Ìsẹ̀, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré, ẹni tó bá sì rí i gbà kí ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ara ikùn ni gbogbo àǹfààní wọ̀nyí wà. Ohun tí àwọn ẹbí ń bèèrè lórí fóònù kò sí lára ikùn.

Ibo ló wá wà? Ìfun ńlá gba apá ọ̀tún ikùn gòkè, ó dábùú kọjá lókè, ó sọ̀kalẹ̀ lápá òsì, ó sì wọnú àárín egungun ìdí, níbi tí ó ti di ìfun ìsàlẹ̀ tí ìgbẹ́ ń dúró sí kí a tó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìfun ìsàlẹ̀ yìí kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Ọ̀rá ló yí i ká, inú ọ̀rá náà sì ni jẹjẹrẹ máa ń kọ́kọ́ tàn dé. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá yìí, lápá òsì àti lápá ọ̀tún, ni àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbà kọjá. Àwọn kan sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀yìn ìbàdí, àwọn yòókù yọ láti inú egungun ìdí. Àwọn ló ń sọ fún àpò ìtọ̀ pé kí ó tú ìtọ̀ jáde, àwọn ló ń mú kí nǹkan ọkùnrin dìde, kí àtọ̀ jáde bó ṣe yẹ, àwọn ló sì ń mú kí ojú ara obìnrin rin.

Ní 1982, Bill Heald, oníṣẹ́ abẹ kan ní ìlú Basingstoke ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ọ̀nà ìṣiṣẹ́ kan jáde tó yí ìtọ́jú àrùn yìí padà: kí a yọ ìfun ìsàlẹ̀ náà pẹ̀lú gbogbo ọ̀rá tó wé mọ́ ọn láìjẹ́ kí ó ya, kí ọ̀bẹ sì máa rìn ní ààlà fẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ọ̀rá àti àwọn iṣan. Ọ̀bẹ tó bá yà sínú jù á fi jẹjẹrẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó bá yà síta jù á gé iṣan. Àárín egungun ìdí sì há, pàápàá lára ọkùnrin, ó tún há jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ọkùnrin tó sanra. Oníṣẹ́ abẹ tó la inú gbọ́dọ̀ gba ààlà yìí kọjá. Oníṣẹ́ abẹ tó lu ihò, ààlà yìí kan náà ni òun náà máa gbà. Ẹni tó gba fèrèsé wọ yàrá àti ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ìkòkò tó wà nílẹ̀. Ibi tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé ló máa sọ bóyá yóò fọ́.

Ẹni tó bá ní àlàyé lásán ni mò ń ṣe, kí ó wo ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe ìwádìí tí wọ́n pè ní CLASICC, èèyàn 794 ló kópa nínú rẹ̀. Ní 2005, David Jayne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì jáde nípa ìtọ̀ àti ọ̀ràn ìbálòpọ̀ àwọn tí wọ́n yọ ìfun ìsàlẹ̀ fún. Ti ìtọ̀, kò sí ìyàtọ̀ láàárín oníhò àti àwọn tí wọ́n la inú wọn. Ti ìbálòpọ̀ àwọn ọkùnrin, ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n lu ihò fún ni ó tiẹ̀ dà bí ẹni pé ó ti burú jù. Ohun méjì tí wọ́n rí pé ó ń fa ìbàjẹ́ náà ni bí iṣẹ́ ṣe jinlẹ̀ tó nínú egungun ìdí, àti kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ihò kí ó má ṣeé ṣe mọ́, kí wọ́n wá la inú náà. Nínú ìwádìí yẹn, 34 nínú 100 àwọn tí wọ́n lu ihò fún nítorí ìfun ìsàlẹ̀ ni wọ́n padà la inú wọn. Ìdá kan nínú mẹ́ta! Ta ló sọ èyí fún ọmọ tó ń pè láti òkè òkun?

Wọ́n á ní ọwọ́ kò tíì mọ́ iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Ó rí bẹ́ẹ̀, ohun tí mo ń sọ sì ni wọ́n fi ń gbè lẹ́yìn un, pé ọwọ́ ni. Kí a wá wo ìgbà tí ọwọ́ ti mọ́ ọn. Ìwádìí COLOR II kó èèyàn 1,044 jọ láti ilé ìwòsàn 30 ní orílẹ̀-èdè 8. Ní 2014 ni wọ́n sọ èsì tó kan ìtọ̀ àti ìbálòpọ̀. Ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nǹkan bíi 8 nínú ọkùnrin 10 ló ní nǹkan àwọn kò ṣe déédéé, ì báà jẹ́ oníhò, ì báà jẹ́ ẹni tí wọ́n la inú rẹ̀. Nígbà tí ó pé ọdún kan, díẹ̀ ni ó fi dínkù, àwọn méjèèjì sì tún jọra. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ní ìṣòro náà kí wọ́n tó dé orí tábìlì, nítorí ọjọ́ orí, ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dúró de ọ̀bẹ. Nígbà tí wọ́n gbé rọ́bọ́ọ̀tì dé, tí owó rẹ̀ sì fò sókè, èèyàn 471 ni wọ́n fi dán òun àti oníhò lásán wò nínú ìwádìí ROLARR tó jáde ní 2017. Ìtọ̀ àti ìbálòpọ̀ kò yàtọ̀.

Ìwádìí tí àwọn tó ń gbè lẹ́yìn ihò fẹ́ràn jù ni ti Kòríà, COREAN, tí wọ́n ṣe lára èèyàn 340, tó sì jáde ní 2010. Níbẹ̀, ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìyọnu ìtọ̀ àti ìgbẹ́ kéré lára àwọn oníhò. N kò ní fi pamọ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ abẹ tó ṣe é, iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀, oṣù mẹ́ta sì kúrú púpọ̀ nínú ayé ẹni tó fẹ́ lo ogún ọdún sí i. Ẹni tó bá fẹ́ fi Kòríà jiyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọwọ́ bíi ti Kòríà hàn mí.

Ti ìgbẹ́ yàtọ̀ sí ti ìtọ̀, ó sì burú jù láti fara dà láàárín àwùjọ. Nígbà tí wọ́n bá ti yọ ìfun ìsàlẹ̀, ibi tí ìgbẹ́ ń dúró sí kò sí mọ́. Wọ́n á so ìfun òkè mọ́ ibi tó kù lẹ́bàá ihò ìdí, ìfun yìí kò sì mọ iṣẹ́ dídúró de ìgbà. Èèyàn lè lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ó padà lọ kí omi ọwọ́ rẹ̀ tó gbẹ. Ó lè má mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ni tàbí ìgbẹ́. Ó ti wọ́pọ̀ débi pé àwọn oníṣègùn ní Dẹ́ńmáàkì ṣe ìbéèrè márùn-ún ní 2012 tí wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, wọ́n sì ń lò ó káàkiri ayé báyìí. Bí wọ́n bá fi ìtọ́jú onítànṣán kún un, ó tún máa ń le sí i. Kò sí ihò ara ikùn, bó ti wù kó kéré tó, tó lè dá ìfun tí wọ́n gé dànù padà.

Mo mọ tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ Èmùré ni. Ìta Èkìtì ni wọ́n ti ṣe é fún un, oníhò kékeré, ojú àpá mẹ́rin ló sì wà níkùn rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kò tó èékánná. Jẹjẹrẹ náà ti lọ, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, òun tó ti wà lára àwọn àgbà ìjọ tó ń jókòó níwájú. Bí ó bá máa lọ sí Adó, kì í fẹnu kan nǹkan láti alẹ́ àná, á sì ti bẹ dírẹ́bà kó tó wọ ọkọ̀ pé "Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá ní kí ẹ dúró, ẹ bá mi dúró o." Ìyàwó rẹ̀ ń jí fọ aṣọ kí ilẹ̀ tó mọ́ kí àwọn ará ilé má baà rí i. Èyí tó dùn mí jù ni pé, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé oníhò kékeré kì í ba nǹkan jẹ́, kò so wàhálà yìí mọ́ iṣẹ́ abẹ rárá. Ó ní iṣẹ́ ayé ni. Ó ti ilé àdúrà kan bọ́ sí òmíràn, ó fura sí ìbátan, ó bá àbúrò rẹ̀ tó kù jà, títí tí nọ́ọ̀sì kan fi sọ fún un pé ohun tí a mọ̀ ni, pé oògùn wà tí yóò mú ìgbẹ́ náà lọ́ra, pé àwọn kan ń fi omi fọ ìfun láti ìdí lójúmọ́, wọ́n sì ń rí ìsinmi. Ẹ wo ohun tí gbólóhùn ìtùnú kan tí kò jẹ́ òtítọ́ dá sílẹ̀ nínú ilé.

Obìnrin ńkọ́? A kì í tiẹ̀ bi wọ́n. Nínú CLASICC pàápàá, àwọn obìnrin tó dáhùn ìbéèrè nípa ìbálòpọ̀ kò pọ̀ tó láti fi sọ̀rọ̀. Níhìn-ín ó tún le jù. Ojú ara obìnrin wà níwájú ìfun ìsàlẹ̀ gan-an, kò sí ohun tó dá wọn láàlà ju awọ fẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó lè gbẹ, ó lè máa dùn ún. Ìyá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún á dákẹ́, á ní àgbà ti dé, ọkọ á ní ó ti kọ òun sílẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í léèrè kí wọ́n tó fún un lábẹ́rẹ́ oorun, kò sí ẹni tó bi í nígbà tó padà wá gba oògùn. Wọ́n wo ojú àpá náà, wọ́n ní ó ti jiná dáadáa.

Ṣùgbọ́n ibi tí èrò yìí ti ń pani lára jù ní gúúsù Èkìtì ni ti àkókò. Owó oníhò kékeré pọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹbí sì gbọ́dọ̀ kó o jọ láti àpò ara wọn. Wọ́n á ta ilẹ̀, wọ́n á dúró de ìgbà tí wọ́n máa ta kòkó, wọ́n á dúró de ọmọ tó wà lókè òkun kí owó oṣù rẹ̀ wọlé. Ní gbogbo àsìkò yẹn, oníṣẹ́ abẹ tó mọ iṣẹ́ lè wà nítòsí, tó máa la inú náà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n kọ̀ ọ́ nítorí wọn kò fẹ́ kí Bàbá "bàjẹ́". Jẹjẹrẹ kì í dúró. Ó ń jẹ ọ̀rá náà lọ sí ẹ̀gbẹ́, ọjọ́ tí ó bá sì dé ara àwọn iṣan tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, oníṣẹ́ abẹ tó gbọ́n jù láyé á fi ojú ara rẹ̀ rí iṣan náà, á sì gé e, nítorí bí kò bá gé e, jẹjẹrẹ á ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá dúró de ihò kékeré kí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ má baà kú, ìdúró yẹn ló fi pa á.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ rárá, àkókò mìíràn ti ṣòfò. Ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀lé ìgbẹ́, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ṣúgà ló fà á. Wọ́n ra àgbo nínú ìgò lọ́jà Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ dá fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ ìdí kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìka dókítà tó wọ ibọ̀wọ́ lè kan ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ìfun ìsàlẹ̀ níbi àyẹ̀wò tí kò gba ìṣẹ́jú kan. Fún ọdún pípẹ́ ni wọ́n ti fi kọ́ àwọn dókítà pé àrùn yìí ṣọ̀wọ́n láàárín ọmọ Áfíríkà. Dókítà Denis Burkitt kọ ọ́ ní 1971 pé oúnjẹ wa tó ní ṣákítí púpọ̀ ló ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ayé ti yí padà láti ìgbà yẹn. Ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn oníṣègùn ti dá ẹgbẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní ARGO sílẹ̀ ní 2013 pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní New York, wọ́n ń rí i pé àwọn tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ló ń dé, tí ọ̀pọ̀ sì ń dé nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Ẹni tó bá tètè lọ lè jẹ́ ẹni tí kókó rẹ̀ ṣì kéré débi pé kámẹ́rà tí wọ́n tì bọ ìdí náà ló máa yọ ọ́, láìsí ọ̀bẹ kankan. Níbẹ̀ ni ààbò ẹ̀yà ara ti bẹ̀rẹ̀.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó mú iṣẹ́ abẹ oníhò wá sí ilẹ̀ yìí. Láti 2009 ni wọ́n ti ń ṣe é ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Ifẹ̀, ohun tó wà ní àrọ́wọ́tó ni wọ́n sì fi rọ́pò irinṣẹ́ olówó gọbọi. Mo fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. Àmọ́ ó ń béèrè iná tí kì í ṣẹ́jú, gáàsì, kámẹ́rà tó mọ́lẹ̀, àti ẹni tó máa tún un ṣe bó bá bàjẹ́, àwọn ìlú kan ní apá ibí yìí sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láìrí iná ìjọba. Nígbà tí gbogbo ìyẹn kò bá tíì pé, mo yan ọwọ́ tó mọ ààlà Heald ní Adó tàbí ní Ìdó, kí ó la inú mi, ju ọwọ́ àlejò tó gbé kámẹ́rà wá fún òpin ọ̀sẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ìbéèrè ẹbí gbọ́dọ̀ yí padà. Ẹ bi oníṣẹ́ abẹ bí kókó náà ṣe jìnnà sí ihò ìdí tó. Ẹ bi í mélòó irú rẹ̀ ló ń ṣe lọ́dún, àti mélòó nínú àwọn tó lu ihò fún ló padà la inú wọn. Ẹ bi í bóyá yóò wá àwọn iṣan náà lójú kí ó tó gé ohunkóhun. Ẹ ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí aláìsàn ṣe ń tọ̀, bí ó ṣe ń yàgbẹ́ àti bí ọ̀ràn yàrá rẹ̀ ṣe rí kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, nítorí láìsí ìyẹn kò sí ẹni tó máa mọ ohun tó sọnù. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n wò ó bóyá àpò ìtọ̀ ń ṣófo tán nígbà tí wọ́n bá yọ rọ́bà ìtọ̀ kúrò. Sildenafil, tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Viagra, máa ń ran ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ́wọ́, bí dókítà bá ti yẹ ọkàn wọn wò. Ohun ìpara wà fún obìnrin. Ìtọ́jú wọ̀nyí kò wọ́n tó owó ihò kan ṣoṣo nínú àwọn ihò náà, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé kò sí ohun tó bàjẹ́ kò ní béèrè wọn.

Àwọn kan ti bi mí pé ṣé bí a bá ń sọ báyìí, àwọn ọkùnrin kò ní sá fún iṣẹ́ abẹ pátápátá. Wọ́n ti ń sá báyìí. Ohun tó ń lé wọn ni ìtàn àròsọ tó ń kiri láti ẹnu àwọn tí kò sí ẹni tó ṣàlàyé fún, tí ohun tó dé bá wọn sì bá wọn lójijì. Òtítọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí kò burú tó ohun tí wọ́n ń rò. Ẹni tí kókó rẹ̀ wà lápá ọ̀tún ìfun ńlá, níbi tó jìnnà sí àwọn iṣan wọ̀nyí, kò ní ìdí láti máa bẹ̀rù nítorí nǹkan ọkùnrin rẹ̀, yálà wọ́n la inú rẹ̀ tàbí wọ́n lu ihò. Ẹni tí tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ewu tirẹ̀ lẹ́nu ẹni tó máa mú ọ̀bẹ, kí ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.